Ẹsẹ̀ Oníke Lórí Sítóòfù

Níyì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi ọwọ́ kejì ti kùkùté ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọ inú ife ike tó wà lórí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà. Ife náà gbà á láìjanpata. Ó tilẹ̀ gbà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, tó gbé ara lé e, igbe tó ké mú kí àwọn tó ń pọnmi lẹ́yìnkùlé dákẹ́ lójijì.

"Ó tún ti dé," ni Ìrètí, ìyàwó rẹ̀, wí. Abọ́ ògì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Òkìkí, ẹ mu èyí ná. Ẹ ò lè fi inú òfìfo dúró lórí ìrora."

"Gbé e padà." Màmá Gertrude ló sọ̀rọ̀ láti orí àga ìdí fèrèsé. Òun ló bí Níyì, òun náà sì ni ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. "Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣínu. Ẹsẹ̀ tí a torí ẹ̀ gbààwẹ̀, ṣé ògì lo fẹ́ fi bà á jẹ́?"

Ààwẹ̀ náà ti pẹ́. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń dun Níyì sí i ni Màmá ń fi ọjọ́ kún un. Òun fúnra rẹ̀ ń gbà á pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí omi kan ètè rẹ̀, débi pé awọ ètè náà ti ń bó. Ta ni yóò wá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ó ń fìyà jẹ ọmọ rẹ̀? Ìrètí gbé ògì náà sórí tábìlì, ó sì fi ọmọrí dé e.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yẹ kó dunni ni ọjọ́ yìí. Kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ Níyì, òun ló ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ Màdáàmù Edith ní Àgùdà. Màdáàmù ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é fún ìgbà pípẹ́, ó sì ti wá sú u. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí fóònù kò gùn. Kí Níyì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ní aago méjìlá ọ̀sán òní, kó sì dúró nídìí tábìlì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó bá lè ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá lè ṣe é, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ kánópì ni wọ́n ti pín in pẹ̀lú fìlà àti àpò ìrẹsì kékeré, wọ́n sì ní kí àwọn tó gbà á tò sẹ́yìn ọlọ́lá tó ń pín in, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹni tó wọn ẹsẹ̀ Níyì lọ́jọ́ náà ní kó pe òun bó bá ń dùn ún. Nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́. Ní ọsibítù ìjọba, wọ́n ní ẹni tó ń tún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ti jápa lọ sókè òkun, wọn ò sì tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Kó ṣáà máa padà wá wò. Ó padà lọ wò títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pa nínú yàrá yẹn?" Ìyá Jameelah, ará yàrá òdìkejì, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ìro ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Wọn ò pa ẹnì kankan," ni Ìrètí dáhùn. "Ẹsẹ̀ ni."

"Èyí tó ní ẹran ni àbí èyí tí ò ní?"

"Èyí tí ò ní."

"Háà! Ẹsẹ̀ ike náà ló ń dunni tó báyìí? Èkó yìí mà gbọ́n o." Ó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín in, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Àwa náà ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn kì í gbà á. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló yọ̀ǹda."

"Tiyín ni tiyín," ni Màmá wí.

"Ó dáa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Mo ti lọ." Ṣùgbọ́n kò lọ.

Benjamin wọlé kí oòrùn tó mú. Òun ni àkọ́bí Màmá, púlọ́mbà sì ni níbẹ̀ ní Muṣin. Òun ló gba yàrá náà fún Níyì àti ìdílé rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ sì ni onílé mọ̀. Ó já àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó fi èékánná gbá ara ife náà, ó sì gbọ́ bó ṣe dún.

"Ike ni," ó ní. "Ike sì niṣẹ́ mi. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń so páìpù nígbà tí a ò bá rí ìsopọ̀ rà? A ó yá ẹnu ọ̀kan lórí iná títí á fi rọ̀, a ó wá ti ẹnu èkejì bọ̀ ọ́. Bó bá tutù, ó ti di, omi ò lè jò níbẹ̀ títí ayé. Èyí ò le jùyẹn lọ. Ibi tó bá fún un ni mà á fi iná tẹ́."

"Bọ̀dá, níbo ló ti fún un?" ni Ìrètí bi í.

"Ibi tó ń dùn ún."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibẹ̀ dájú."

Ìrọ̀rí ni Ìrètí ń rán tà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo inú ife yẹn ní alẹ́ nígbà tó bá ń fọ̀ ọ́. Níwájú, ní inú, ike náà yọ gọngọ bí àtàǹpàkò tó ń ti nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé wọ́n ṣe é bà jẹ́ ni. Nígbà tó ro ó dáadáa, ó yé e pé ibi rírọ̀ tó wà lábẹ́ orúnkún ló yẹ kó gbara lé gọngọ yẹn, kí ìwúwo ènìyàn má baà já sórí egungun nísàlẹ̀. Ohun tó wá fẹ́ mọ̀ ni bóyá ibẹ̀ náà ló ń gbara lé.

Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Jameelah, ẹ yá wa ní tìróò yín."

"Tìróò kẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ náà ń relé ọkọ ni?" Ṣùgbọ́n ó sáré lọ mú un wá.

Ìrètí po tìróò mọ́ basilínì díẹ̀, ó fi kun ibi rírọ̀ abẹ́ orúnkún Níyì, ó sì fi kun orí kùkùté náà níbi tí egungun ti parí. Níyì ti ẹsẹ̀ bọ inú ife, ó dìde, ó pa eyín pọ̀, ó sì tún jókòó. Wọ́n yọ ọ́. Gbogbo wọn tẹ̀ síwájú láti wò ó, títí kan Ìyá Jameelah.

Gọngọ náà mọ́ tónítóní. Tìróò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó jìn sí i tó ìbú ìka méjì, ìdí ife náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ni Ìrètí wí. "Kò fún un. Ó ń rì sínú ẹ̀ ni. Ó ti kọjá ibi tó yẹ kó jókòó sí, egungun ẹ̀ ló wá fi ń dúró. Ẹ wo bẹ́líìtì ẹ̀, ìṣó la fi lu ihò tuntun sí i. Ife náà ò yí padà, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ló ń joro. Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tọmọdé ń wọ̀ ọ́, Bọ̀dá, ó sì ń já bọ́ sísàlẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló yẹ ká fi kún un. Kì í ṣe iná."

"Kí ló ń mú un joro?" Ohùn Màmá Gertrude kò ròkè. "Sọ ọ́ jáde. Ṣé ààwẹ̀ mi ni?"

Ìrètí ń nu tìróò kúrò lọ́wọ́. Ó nù ún, ó tún nù ún lẹ́yìn tí ọwọ́ náà ti mọ́ tán.

"Ìyàwó," ni Benjamin wí, "ìrọ̀rí lò ń rán. O ò so páìpù rí. Ibi tó dúdú yìí ló ti ń họ ọ́. Ibi tó bá ń họ ènìyàn ló fún un. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ ìyẹn."

"Ẹ bi í léèrè nígbà náà. Òun ló ń wọ̀ ọ́."

Wọ́n bi í. Níyì wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó máa ń fà wálẹ̀ bí bàtà ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé láàárọ̀ ó máa ń sàn díẹ̀, tó bá di ọ̀sán tí ara ti gbẹ, ó máa ń le. Ó wo ìyá rẹ̀ tí ètè rẹ̀ ń bó. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pa iṣẹ́ tì nítorí rẹ̀. Ògiri yàrá náà pàápàá, Benjamin ló kùn ún.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "bó bá ṣe tọ́ lójú yín."

Ìrètí jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Jameelah.

Benjamin tan sítóòfù. Ènìyàn tó bá rí i nídìí iṣẹ́ á gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Púlọ́mbà gidi kì í jẹ́ kí páìpù dúró lójú kan lórí iná. Á máa yí i bí ẹni ń sun àgbàdo, kí ooru lè kárí. Á máa wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí ike tó fẹ́ rọ̀ kọ́kọ́ máa ń dán bí ẹni tó làágùn, lẹ́yìn náà funfun rẹ̀ á máa ṣí kúrò títí ojú á fi fẹ́ẹ̀ rí òdìkejì. Ìgbà náà gan-an ló yẹ kó gbé e kúrò. Bó bá tètè gbé e, kò ní tẹ̀. Bó bá pẹ́, ó ti bàjẹ́. Benjamin mọ gbogbo èyí. Ohun tí kò rò ni pé páìpù rí róbótó, ó sì nípọn bákan náà yí ká, ṣùgbọ́n ife ẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́, ibì kan wọ inú, ibì kan yọ síta. Bó ṣe ń yí i ni iná ń jẹ ibi fẹ́lẹ́ kí ti ibi nípọn tó dé. Òórùn ike kún yàrá. Níyì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí iná.

"Ìgò!" ni Benjamin pariwo. Màmá na ìgò òróró òfìfo sí i. Ó ti ìdí ìgò náà bọ inú ife, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú pẹ̀lú agbára. Ike rírọ̀ náà gbà fún un. Gọngọ tó yẹ kó gbé Níyì dúró sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Wọ́n da omi tútù sí i. Benjamin fi àtàǹpàkò rá inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti láyè báyìí. Wọ̀ ọ́."

Níyì wọ̀ ọ́. Ó dìde. Kò ké rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn já wálẹ̀ ni, bí ẹni tó tẹ orí kànga tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, ó fi èjìká gbá kọ́bọ́ọ̀dù, àwo méjì sì fọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà, awọ orí kùkùté ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ti dàpọ̀ mọ́ tìróò.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú…" ni Ìyá Jameelah bẹ̀rẹ̀. Kò parí rẹ̀.

Fóònù Níyì ń dún lórí bẹ́ẹ̀dì. Màdáàmù Edith ni. Níyì wò ó títí ó fi fẹ́ẹ̀ dákẹ́, kí Ìrètí tó já a gbà.

"Màdáàmù, ẹ kúuṣẹ́ o. A ti wà lọ́nà. Ọ̀nà ló dí."

"Aago méjìlá ti kọjá o," ni ohùn inú fóònù wí, ó sì pa á.

"Kí lo parọ́ sí?" ni Níyì béèrè. Ó ṣì wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ gbé mi lọ sábẹ́ bíríìjì. Àwọn tó ń ṣagbe níbẹ̀ ò nílò ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá tiẹ̀ sí, owó á tètè wọlé."

"Níyì!" ni ìyá rẹ̀ ké.

"Irọ́ ni mo pa, Màmá? Bí mo bá lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí n dúró."

Ní òpópónà, ẹnì kan ń pariwo pé òun ń ra irin àlòkù. Benjamin ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó kó o tán, kò dìde. Ó wá tú okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó gbọn eruku wọn, ó sì fi wọ́n síwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Ìrètí mú sísọ́ọ̀sì. Ó fi báńdéèjì di egbò náà ná. Lẹ́yìn náà, ó kó ìbọ̀sẹ̀ jọ, ti Benjamin, ti Níyì, àti ti ilé ìwé ọmọ wọn, Òkìkíọlá. Ó gé orí gbogbo wọn, ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń wọ̀, dànù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí ní òkè àti nísàlẹ̀ bí apá ẹ̀wù. Ìyá Jameelah bi í pé kí ló dé tó ń ba nǹkan jẹ́.

"Bí mo bá fi orí wọn sílẹ̀, gbogbo ìnípọn wọn á kó jọ sábẹ́ egungun, níbi tó ti ń dùn ún gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ kó nípọn, kó lè há sókè, kó má baà rì. Ìdí ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo."

Ó gé gìgísẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kan, ó fi abẹ fá etí rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́, ó sì rán an mọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó máa wà lókè pátápátá, ní ọ̀gangan abẹ́ orúnkún. Èyí ló máa rọ́pò gọngọ tí iná jẹ. Bó ṣe ń rán an, ó gbọ́ tí Màmá Gertrude dìde lórí àga. Ó rò pé ó fẹ́ lọ gbàdúrà ni. Màmá kọjá lára wọn, ó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dúró lẹ́nu yàrá òdìkejì.

"Ìyá Jameelah," ó ní, "ẹ̀wà yín, ṣé ó ti jinná?"

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà náà wọlé fúnra rẹ̀, òróró pupa ń dán lórí rẹ̀. Ó bu ṣíbí kan. Ẹnu ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi sí. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì pẹ̀lú ìṣòro, bí ẹni tó ń gbé òògùn mì, lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ náà fún ọmọ rẹ̀. Níyì jẹ ẹ́ títí ṣíbí fi ń ha ìdí abọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ààwẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kan wọlé lé òmíràn, Ìrètí ń dán an wò, ó ń fi kún un, ó ń yọ, títí kùkùté náà kò fi já wọlé mọ́, tó jẹ́ pé Níyì ní láti tì í díẹ̀díẹ̀. Ó dìde. Gbogbo wọn ń retí igbe.

"Ó ń ta mí," ó ní. "Ó ń ta mí díẹ̀." Ó gbé ara lé e, ó tún gbé ara lé e. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìrètí, kò balẹ̀. Egungun mi ò balẹ̀!"

Ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà lọ, ó sì rìn ín bọ̀, àwọn ará ilé ń yọjú lẹ́nu yàrá wọn. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Benjamin tó wọ bàtà láìsí ìbọ̀sẹ̀ ti sáré jáde lọ dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró.

Ní Àgùdà, Níyì kọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ di òun mú. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú Márúwá, ó kọjá gọ́tà, ó gun àtẹ̀gùn iwájú ilé ìfọṣọ, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì, ó wọlé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìrètí tẹ̀ lé e. Òógùn bo iwájú orí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tiro púpọ̀.

"Ah-ah! Níyì!" Màdáàmù Edith dìde nídìí káńtà, ó sì pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. "Wò ó bó ṣe ń rìn! Ta ló máa mọ̀? Bí ṣójà!"

"Ẹ kúuṣẹ́, Màdáàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a pẹ́ díẹ̀."

Inú Màdáàmù bà jẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ìyẹn hàn lójú rẹ̀. "Níyì, àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni àwọn oníbàárà ń wá kó àwọn aṣọ yìí, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Aago méjìlá ni mo sọ. Mi ò rí ẹ, mo pè, wọ́n ní ọ̀nà dí. Mi ò lè máa wo òkìtì aṣọ. Mo ti gba Bright síṣẹ́. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n wo ibi tó nawọ́ sí. Lẹ́yìn aṣọ tó so rọ̀ nínú ọ̀rá, ọmọkùnrin kan ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lórí tábìlì tí Níyì ti ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀. Èéfín omi ń fẹ́ jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó ń ṣe é dáadáa. Orí àga gíga kan ló jókòó lé, irú èyí tí wọ́n ń tò sí iwájú káńtà ilé ọtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó pé ń fì lábẹ́ tábìlì.

Ìrètí ló kọ́kọ́ rí i.

"Màdáàmù," ó ní, "ó jókòó."

"Ẹ̀n? Bẹ́ẹ̀ ni." Màdáàmù Edith wo Bright, ó tún wo obìnrin náà, kò yé e. "Ó ní ẹ̀yìn máa ń dun òun bí òun bá dúró pẹ́, ni mo bá ní kó gbé àga sí i. Kí ló burú nínú ìyẹn? Ṣé aṣọ mọ̀ bóyá ẹni tó ń lọ òun jókòó ni tàbí ó dúró?"

Áyọ́ọ̀nù náà ń lọ, ó ń bọ̀. Lábẹ́ orúnkún òsì Níyì, níbi tí rọ́bà ti gbé e dúró, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìbọ̀sẹ̀ tó wà lókè pátápátá, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó na ẹ̀yìn, kò fara ti nǹkan kan, ó dúró láàárín ilé ìfọṣọ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.